Ẹ Má Da Ọmọ Ẹja Tuntun Sínú Adágún Ní Ọjọ́ Tí Ó Dé

Ọ̀rọ̀ ẹja ni a mú wá fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ti ọbẹ̀. Òsì àti Ìlọfà jìnnà sí òkun. Ẹja yìnyín ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń se ọbẹ̀. Nítorí náà ó dára púpọ̀ kí obìnrin máa sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ìbáà ṣe nínú adágún oníbíríkì, ìbáà ṣe nínú ti tàpólì. Ṣùgbọ́n owó tí a fi oṣù mẹ́fà dá ní àjọ lè bá omi lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí a bá da ọmọ ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà mọ́ àwọn ti àtijọ́ láì kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀.

Ohun tí ó ń fa òfò náà ni àwọn kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ń gbé ara ẹja, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní egbò, igi gbogbo ni ó bá tan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Inú kẹ́ẹ̀gì tí a fi gbé ọmọ ẹja wálé ni wọ́n ń bá a wá. Ìrìn àjò, ooru àti ìfúnpọ̀ ti dín agbára ẹja kù, ìgbà náà ni kòkòrò rí àyè.

Yíyà sọ́tọ̀ kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Ní ọdún 18 Hijira, tí ó bọ́ sí ọdún 639, Sàídínà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tí ó dé Sargh, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú. Ó bá àwọn Sàhábà jíròrò, ó sì pinnu láti padà. Lẹ́yìn èyí ni Abdur-Rahman ọmọ Auf wá jẹ́rìí pé òun ti gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a.

Ní ti ẹja, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Ẹ wá àgbá ike mìíràn fún àwọn àlejò, kí wọ́n ní àwọ̀n tiwọn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn. Àwọn ti àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní oúnjẹ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àlejò. Bí ẹ bá yí i padà, ọwọ́ yín gan-an ni yóò gbé àrùn náà kiri.

Ẹ máa wò wọ́n dáadáa ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹja tí ara ń yún a máa fi ara ha ẹ̀gbẹ́ àgbá, a máa yí ikùn sókè lójijì, a sì máa kọ oúnjẹ. Ẹja àrọ̀ a máa yọrí wá mí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá rọ̀ mọ́ ojú omi láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ fura. Ẹ má sì tíì sáré wá oògùn. Omi tí ó ti bàjẹ́ nítorí àjẹkù oúnjẹ ń mú irú àmì wọ̀nyí wá pẹ̀lú. Ẹ pààrọ̀ omi ná. Bí ara wọn bá yá láàárín wákàtí díẹ̀, omi ni ó jẹ̀bi.

Bí ẹ bá rí àmì funfun bí ìgbà tí a wọ́n iyọ̀ sí ara ẹja, kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ichthyophthirius ni ẹ fura sí. Àwọn mìíràn wà tí ojú lásán kò lè rí, bíi Trichodina. Fún ìwọ̀nyí, ẹ gbé ẹja tí ó ń ṣàìsàn náà, pẹ̀lú omi rẹ̀, lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja. Yóò ha ikùn ara rẹ̀ díẹ̀, yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ẹja tí ó wà láàyè ni kí ẹ gbé lọ, nítorí pé kòkòrò kì í pẹ́ lára òkú ẹja.

Ní ti ìwòsàn, iyọ̀ ìdáná ni ó sún mọ́ wa jù. Wọn gíráàmù 10 sí lítà omi kan, èyí ni gíráàmù 200 fún kẹ́ẹ̀gì onílítà 20. Ẹ fi ẹja sínú rẹ̀, kí ó má ju 30 ìṣẹ́jú lọ, kí ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀. Èyí tí ó bá dojú dé, ẹ tètè gbé e padà sínú omi tútù. Ìyanu ibẹ̀ ni pé àwọn tí ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì ń ṣe òdìkejì èyí: omi tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n fi ń wẹ ẹja wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí kòkòrò ara rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní wáàsí lórí Súrátù-l-Furqān kò ní ṣàì rántí omi méjì náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Kòkòrò àmì funfun wọ abẹ́ awọ ẹja. Iyọ̀ kò lè bá a níbẹ̀. Nígbà tí ó bá yó, yóò já sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, yóò di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, àwọn ọmọ yìí yóò sì wá ẹja mìíràn lọ. Àsìkò tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri yìí ni oògùn lè pa wọ́n. Nítorí náà, bí àmì funfun bá pòórá lónìí, kò tíì tán. Ẹ máa gbé ẹja sínú àgbá mìíràn tí ó mọ́ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje, kí ẹ fọ ti àná, kí ẹ sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Ẹ sá àwọ̀n náà pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò oko sínú omi, ẹ má sì lo formalin láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Malachite green, oògùn aláwọ̀ ewé tí àwọn kan ń lò, ni a ti fòfin dè ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fún ẹja jíjẹ.

Àwọn kan yóò béèrè nípa ẹja tí ó kú sínú àgbá. Ní mashabi Máálíkì tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, ẹja tí ó kú fúnra rẹ̀ kò di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kú nínú àrùn àti oògùn, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ má gbé e lọ sọ́jà.

Bí ẹ bá tún ra ọmọ ẹja mìíràn, tí ẹ sì dà á mọ́ àwọn àlejò náà ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ kìíní ni ẹ tún padà sí.