Owó Oúnjẹ Kò Tó Mọ́: Ibi Tí Ọ̀wọ́n Ti Wá àti Bí A Ṣe Lè Fi Ọgbọ́n Bọ́ Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, èyí ni ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, ìbáà ṣe ilé òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé oníṣòwò tàbí ilé ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì.

Ohun tí ó mú kí a yan ọ̀rọ̀ yìí ni ìjà tí ó ń dá sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Ọkọ a ka owó oúnjẹ oṣù kan lé ìyàwó lọ́wọ́. Kí oṣù tó dé ìdajì, owó a ti tán. Ọkọ a ní ìyàwó ń ná ìnákúnàá, ìyàwó a ní ọkọ kò mọ bí ọjà ti rí. Iye tí ọkọ ń fi sílẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí iye náà lè rà ti dínkù. Bí a bá mọ ibi tí ọ̀wọ́n náà ti wá, a ó dẹ́kun àti máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru ara wa, a ó sì rí ibi tí apá wa lè ká a.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò sókè sí nǹkan bí 500 náírà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 bákan náà, ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní iye ti ìjọba ti kọjá 1,500 náírà ní oṣù Kejì ọdún 2024. Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, oògùn oko àti ẹ̀yà ọkọ̀ akẹ́rù, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà wọ́n. Ní Zamfara, Katsina, Niger àti Benue, àwọn agbébọn lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú Maiduguri, tilé toko.

Àjọ NBS, tí ó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, iye owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Kẹfà ọdún 2023 lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ kúrò ní 30,000 náírà bọ́ sí 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo agbanisíṣẹ́ ni ó san án, ọjà kò sì dúró de ẹni tí kò rí i gbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Láti ọdún 2025 ni a ti ń gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀wọ́n gógó ń dínkù, àwọn kan sì ń bi wá pé ọjà wo ni àwọn oníròyìn wọ̀nyí ń ná. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀. Ká ní ọjà kan jẹ́ 1,000 náírà. Bí ìdá 40 bá gun orí rẹ̀ ní ọdún kan, yóò di 1,400 náírà. Bí ó bá jẹ́ ìdá 20 péré ni ó gùn ún ní ọdún kejì, yóò di 1,680 náírà. Wọn yóò sọ pé ọ̀wọ́n gógó ti dínkù, òótọ́ sì ni, nítorí pé ìdá 20 kéré sí ìdá 40. Ṣùgbọ́n ìyára tí owó ọjà fi ń gòkè ni ó dínkù. Ọjà náà fúnra rẹ̀ kò padà sí 1,000 náírà. Lóòótọ́, àgbàdo àti àwọn irúgbìn mìíràn rọ̀ ní ọdún 2025 débi pé àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn, ṣùgbọ́n iye ti ọdún 2022 kò padà wá. Kí ọkọ tí ó gbọ́ ìròyìn má ṣe tìtorí rẹ̀ dín owó ọbẹ̀ kù.

Wàyí o, kí ni a lè ṣe? Apá wa kò ká epo, bẹ́ẹ̀ ni apá wa kò ká dọ́là. Ṣùgbọ́n owó méjì ni ó wà nínú gbogbo oúnjẹ tí a ń rà: owó oko àti owó ọ̀nà. Owó oko ni àgbẹ̀ ń gbà. Owó ọ̀nà ni ti epo, ti awakọ̀, ti alábàárù àti ti àwọn tí ń gbowó lójú pópó. Ẹni tí ó ń gbé nítòsí oko lè yẹra fún púpọ̀ nínú owó ọ̀nà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kan àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya.

Ọdún 1912 ni ojú irin so Èkó pọ̀ mọ́ Kano, ọ̀nà tí ó lé ní 1,100 kìlómítà, òun ni ó sì gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé gàárì Ìjẹ̀bú, èlùbọ́ àti epo pupa rìn gba ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn oníṣòwò Èkó náà sì ń wá sí ọjà Dawanau ní Kano, ọ̀kan nínú àwọn ọjà ọkà tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wá ra ẹ̀wà, àgbàdo, ọkà bàbà àti jéró. Ohun tí ará Èkó ń san owó ọ̀nà lé lórí wà lẹ́nu ọ̀nà wa, a sì fi í sílẹ̀, a ń san owó ọ̀nà lórí gàárì.

Àwọn kan yóò ní oúnjẹ ilé ni ó ń mú kí ọmọ mọ ìran rẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn baba wa kò jẹ ọkà bàbà ni? Ògì bàbà, ẹ̀kọ, ẹ̀gbo, àdàlú, mọ́ínmọ́ín, èkuru àti àkàrà, oúnjẹ Yorùbá ni gbogbo wọn, ohun tí a sì fi ń ṣe wọ́n pọ̀ ní àdúgbò wa. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì. Ó bá tùwó àgbàdo lọ bí ó ti bá àmàlà lọ. Ewé osè gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní kuka, òun ni àwọn ará Kwara fi ń se ọbẹ̀ lúrú. Àwárà tí wọ́n ń fi sóyà ṣe lè dúró nípò ẹran. A kò ní kí ẹ má jẹ àmàlà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó di oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi, kí ohun tí ó wà nítòsí di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Èkejì ni mímọ àkókò. Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà máa ń kún ọjà; láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń wọ́n jù lọ, nítorí pé èyí tí ó wà nínú àká ti ń tán. Iṣu tuntun láti Benue, Niger àti Taraba ń pọ̀ láti oṣù Kẹjọ lọ. Tòmátì tí wọ́n ń bomi rin, irú èyí tí ó ń wá láti Kadawa ní Kano, ń rọ̀ láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta. Láti oṣù Karùn-ún ni ó ń wọ́n, pàápàá bí kòkòrò bá bà á jẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Kaduna ní ọdún 2016 àti ọdún 2024. Ìyàwó ilé tí ó bá sá tòmátì àti ata nígbà tí wọ́n pọ̀ yóò rí nǹkan fi se ọbẹ̀ nígbà ọ̀wọ́n.

Ẹ ó ní, ta ni ó ní owó àpò ẹ̀wà kan lẹ́ẹ̀kan náà? Ìdí nìyí tí èkẹta fi jẹ́ ìṣọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní àpò ẹ̀wà kan jẹ́ 60,000 náírà, tí ó sì pé múdù 60. Múdù kan jẹ́ 1,000 náírà. Bí alátùntà bá ń ta múdù kan ní 1,250 náírà, ẹni tí ó bá ra 60 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò san 75,000 náírà. Bí ìdílé mẹ́rin bá dá 15,000 náírà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ra àpò náà, múdù 15 ni yóò kan ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì ti jèrè 3,750 náírà. Ẹni tí ó ń rí owó lójoojúmọ́ lè máa dá díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ alájọ láti oṣù Kẹrin títí ìkórè yóò fi dé. Kí owó pé kí a tó lọ sí ọjà. Kí ẹnì kan kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Kí a sì pín in ní ojú gbogbo ènìyàn. Ibi tí òṣùwọ̀n oníkìló bá wà, ẹ lò ó, nítorí pé àwọn ọlọ́jà kan máa ń fi òòlù lu ìdí múdù wọnú kí ó lè gba ọjà díẹ̀.

Ọjà tí a rà pọ̀ fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ sá ọkà kí ó gbẹ dáadáa. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tí ó ní ọ̀rá méjì nínú; bí a bá so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan le, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì tán, àwọn kòkòrò yóò sì kú láìlo oògùn kankan. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà láéláé. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé ó ń pa ènìyàn. Ẹ má sì tìtorí pé ó rọ̀ ra àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó ti hu. Oró tí ó wà nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, síse kò sì lè mú un kúrò.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ dín kù, èyí ni oúnjẹ tí ó ń mú ọmọ dàgbà. Bí owó kò bá tó, ẹran ni a kọ́kọ́ máa ń yọ, a kì í sì í fi nǹkan rọ́pò rẹ̀; ọmọ a máa jẹ tùwó àti omi ọbẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà àti ẹyin lè ṣe iṣẹ́ tí ẹran ń ṣe. Ògì nìkan kò tó fún ọmọ tí ó ń já ọmú. Ẹ fi ẹ̀pà tàbí sóyà tí a yan tí a sì lọ̀ sí i. Ọmú ìyá nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, a kì í sì í rà á ní ọjà. Ìyá náà ni kí a fún ní oúnjẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, baba ni ó ń jẹ ẹran tí ó tóbi jù, ìyá sì ni ó ń jẹun kẹ́yìn nínú ohun tí ó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀yin baba, ní àkókò yìí, ẹ bu ẹran yín sí àwo ọmọ, kí ẹ sì wo ohun tí ó wà nínú àwo ìyá wọn.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jókòó papọ̀ nígbà tí owó bá wọlé, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kan tí àwọn méjèèjì lè kà. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé ìwé. Kí ọkọ tẹ̀ lé ìyàwó lọ sí ọjà ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: aṣọ ẹbí kan tí a fẹ́ rà nítorí ayẹyẹ ilé lè gbé apá àpò ẹ̀wà kan lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún àwọn ará ilé. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ kì í ṣe olówó ní dandan. Ẹ yẹra fún owó sọ́gundógójì, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ènìyàn tàbí lórí fóònù, nítorí pé gbèsè tí a jẹ nítorí oúnjẹ oṣù yìí, oúnjẹ oṣù tí ń bọ̀ ni a ó fi san án.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ pọ̀, àkókò kò sí. Kí ilé wa má ṣe tú nítorí oúnjẹ. Ó dìgbà kan ná.