Igẹ̀ Gbòòrò Kì í Ṣe Ọjà À-rà-gbélé

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ yin ènìyàn pé kò bẹ̀rù, wọn a ní ó láyà. Bí ẹ̀rù bá sì bà á, wọn a ní àyà rẹ̀ já. Nínú èdè wa, ibì kan náà tí èémí ń gbé ni ìgboyà ń gbé. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá dúró níwájú dígí, àyà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wò.

Ohun tí ó ń dunni ni pé púpọ̀ nínú wọn fẹ́ ra igẹ̀ gbòòrò bí ẹni ra ẹ̀wù lọ́jà. Wọ́n fẹ́ gbé e wọ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Àwọn mìíràn sì wà, àwọn àgbàlagbà bí tiwa, tí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè gbé àpò gàrí kúrò nílẹ̀ láìké pe ọmọ aládùúgbò. Àwọn méjèèjì ni a ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Díẹ̀díẹ̀ ni agbára fi ń wọ ara, kò sì sí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá pé kó bẹ̀rẹ̀.

ẸRÙ TÍ WỌ́N Ń GBÉ JÓ

Bí a bá fẹ́ rí ohun tí ara ènìyàn lè kọ́, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìpínlẹ̀ Kwara, sí agbègbè Èkìtì níbi tí ìlú Ọ̀sì wà, àti sí Òkè-Ẹ̀rọ̀ tí Ìlọ́fà jẹ́ olú rẹ̀. Ní àwọn ìlú ibẹ̀, àwọn baba wa ní ère kan tí wọ́n ń gbé jó nígbà ọdún. Ẹpa ni wọ́n ń pè é. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí a da ojú rẹ̀ dé, ó sì ní ojú níwájú àti lẹ́yìn. Inú ìkòkò yìí ni ẹni tí ó rù ú ń ki orí bọ̀. Lókè rẹ̀ ni ẹ ó ti rí jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá ọlọ́mọ tí àwọn ọmọ yí ká.

Àwọn agbẹ́gilére agbègbè yìí kì í ṣe ẹni àná. Arẹogun ará Ọ̀sì, tí ó kú ní 1954, wà lára wọn. Bámigbóyè ará Kájọlà, ní Odò-Ọwá ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, wà lára wọn pẹ̀lú; ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi odindi àfihàn yẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Nínú àwọn Ẹpa tí Bámigbóyè gbẹ́, a rí èyí tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, ìwọ̀n irú rẹ̀ sì lè tó nǹkan bí kílò 36. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ fojú inú wò ó: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò kan, lórí ènìyàn kan ṣoṣo, tí onítọ̀hún sì ń jó.

Kì í tilẹ̀ ṣe ijó nìkan. Wọn a mọ òkìtì sójú agbo, ẹni tí ó ru Ẹpa a sì fò gun orí rẹ̀. Bí ó bá bà síbẹ̀ láìṣubú, inú ìlú a dùn, wọn a ní ọdún náà yóò tura. Bí ó bá kọsẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn a rẹ̀ wálẹ̀. Ṣé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ gbé lọ́jọ́ tí ìlù bẹ̀rẹ̀? Rárá o. Ní ìgbà àwọn baba wa, ọmọ tí ó ti ń kọ ebè láti kékeré, tí ó ti ń ru iṣu bọ̀ láti oko, tí ó ti ń gún iyán nílé, ara rẹ̀ ti gbaradì kí ẹnikẹ́ni tó gbé igi lé e lórí.

Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ fi pa ìtàn Milo, ajàkadì ìlú Croton. Wọ́n ní ó ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́. Bí ọmọ màlúù náà ti ń dàgbà ni agbára Milo ń pọ̀ sí i, títí ó fi di pé akọ màlúù gidi ni ó ń gbé kiri. Ìtàn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò parọ́.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ IGẸ̀

Ẹrù orí a máa fún ọrùn, ẹ̀yìn àti itan lókun ju àyà lọ. Ohun tí ó ń mú ẹran àyà le ni títì, pẹ̀lú gbígbá nǹkan mọ́ra. Ẹran ńlá méjì ni ó bo àyà wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti egungun tí ó nà láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé èjìká, àti láti egungun àárín àyà, ó sì lọ so mọ́ egungun apá lókè. Nígbà tí ẹ bá ti ọkọ̀ tí kò fẹ́ ṣíná, ẹran yìí ni ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá gbá ọmọ mọ́ àyà, òun náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a tú àṣìṣe kan palẹ̀ níhìn-ín. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ń mí kanlẹ̀ lójoojúmọ́, egungun ìhà àwọn yóò fẹ̀ sí i. Egungun àgbàlagbà kì í fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mímí kanlẹ̀ dára, ó ń fún ẹran tí a fi ń mí ní okun, ṣùgbọ́n ẹran orí egungun ni ó ń nípọn tí igẹ̀ fi ń gbòòrò. Ẹran náà kì í sì í nípọn bí a kò bá fún un ní iṣẹ́ tí ó ju èyí tí ó ti mọ̀ lọ.

IṢẸ́ TÍ KÒ NÁ WA NÍ KỌ́BỌ̀

Charles Atlas, ọmọ Ítálì tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, tí ó kú ní 1972, di olókìkí nítorí pé ó ń fi ẹ̀kọ́ nípa okun ara ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò béèrè irin wíwúwo. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ni irin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn iṣẹ́ márùn-ún wọ̀nyí.

Èkíní, títi ògiri. Ẹ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ògiri, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kánkán àyà. Ẹ rọra tẹ ìgúnpá títí imú yóò fi fẹ́ kan ògiri, kí ẹ sì ti ara yín padà. Ibí ni kí ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tàbí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, títi bẹ́ǹṣì. Bí ògiri bá ti rọrùn, ẹ gbé ọwọ́ lé etí bẹ́ǹṣì tàbí tábìlì tí kò ní yẹ̀, kí ẹ na ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá ti sún mọ́ ilẹ̀ tó ni iṣẹ́ náà ń le tó.

Ẹ̀kẹta ni títi ilẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní présọ́ọ̀pù. Ẹ lè kọ́kọ́ fi orúnkún kanlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara yín ni ọwọ́ ń gbé. Bí ẹ bá gbé orúnkún kúrò nílẹ̀, ó di nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kí ara gún láti orí dé gìgísẹ̀ bí pákó, kí ìdí má ṣe yọ sókè, kí ikùn má sì rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, gbígbé kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà 5 méjì tí omi kún, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kílò 5 ni lítà omi márùn-ún. Ẹ tì wọ́n sókè láti ẹ̀gbẹ́ àyà títí apá yóò fi nà, kí ẹ rọra dá wọn padà. Ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lè bu omi díẹ̀ sí i, kí ó máa bù ú kún un bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Ọmọ màlúù ti Milo nìyẹn.

Ìkarùn-ún, fífa garawa. Èyí kì í ṣe ti àyà, ti ẹ̀yìn ni, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Ẹni tí ó bá ń ti nǹkan lójoojúmọ́ tí kò fa nǹkan rí, èjìká rẹ̀ yóò ká wá síwájú. Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ń tẹ̀ lé ìwé àwọn ọmọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ̀yìn gún, kí ẹ fi ọwọ́ kan ti àga, kí ẹ fi ìkejì fa garawa omi wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ẹni tí ó ń fa omi nínú kànga ti ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ mú iṣẹ́ títì méjì tí agbára yín ká, kí ẹ fi fífa garawa kún un. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 8 sí 12, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí ẹ bá lè ṣe é ní ìgbà 15 láìgbọ̀n, ó tó àkókò láti lọ sí èyí tí ó le jù ú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, kí ọjọ́ ìsinmi kan ó kéré tán sì wà láàrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ tí ń mú iṣan le ní ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má rò pé èyí yóò sọ àyà yín di ti ọkùnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò rọ̀ yín lọ́rùn láti gbé pẹ̀ẹ́rẹ́ ọjà sọ.

OÚNJẸ ÀTI OORUN

Iṣẹ́ ni ó ń béèrè fún ẹran ara, oúnjẹ ni ó ń mọ ọ́n, oorun ni ó ń fún un ní àyè. Iyán dára, ó ń fúnni ní agbára láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iyán nìkan kì í mọ iṣan. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà, ẹ̀wà sóyà àti wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà ni kí ẹ fi kún un. Ẹni tí kò lágbára ẹran kò ní láti banú jẹ́. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ti ṣe bẹbẹ. Lẹ́yìn náà, kí ènìyàn sùn dáadáa. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ara lọ́sàn-án tí ó fi òru wo sinimá, owó tí ó fi ọ̀tún gbà ni ó fi òsì sọnù.

ABẸ́RẸ́ TÍ Ń TA ỌKÙNRIN LÓPO

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo nìyí. Àwọn kan ń ta hóró oògùn àti abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin, wọ́n ní kíákíá ni àyà yóò wú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àdàmọ̀dì omi ara tí ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin. Òótọ́ ni pé ẹran ara a máa wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara bá rí i pé ti òde ti pọ̀ jù, yóò dá ṣíṣe tirẹ̀ dúró. Kórópọ̀n a súnkì, àtọ̀ a dín kù, ọkùnrin lè wá ọmọ tì. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń ba ọkàn jẹ́. Èyí tí ó burú jù létí ọ̀dọ́mọkùnrin ni pé ó lè mú kí ọmú hù sí i láyà. Igẹ̀ ni ó fowó rà, ọyàn ni wọ́n wọ̀n fún un! Ẹ̀yin òbí àti tíṣà, bí ara ọmọ bá ṣàdédé wú láàrin oṣù kan tí irorẹ́ sì bo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi sùúrù bi í léèrè, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí àìsàn ọkàn ń bá jà, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ẹ má ṣe sé èémí nígbà tí ẹ bá ń ti nǹkan, nítorí a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹ tú èémí jáde bí ẹ ti ń tì, kí ẹ fà á bí ẹ ti ń padà. Kí ara ro ènìyàn díẹ̀ ní ọjọ́ kejì kò burú. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá di àyà mú gírígírí, tí ìrora bá gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, tí òógùn tútù sì bò yín, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, dígí lè má sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ó mú yín rẹ̀wẹ̀sì. Iṣan ń kọ́ bí a ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Okun ń ṣáájú, ìrísí ń tẹ̀lé e. Ẹ mú ìwé kékeré kan, bí èyí tí oníṣòwò fi ń kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí ẹ máa kọ iye tí ẹ ṣe sí i. Bí 6 ti òní bá di 8 ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, èrè nìyẹn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ wò, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni.