Bí ìwé Excel ṣe ń di ìwé orúkọ àdúgbò: Ohun tó yẹ kí akápò ẹgbẹ́ onílé ní Lekki àti Ajah mọ̀

Láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah, ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kọjá kò lè ṣàì rí géètì. Géètì nìyí lápá ọ̀tún, géètì nìyẹn lápá òsì, ọdẹ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Owó oṣù àwọn ọdẹ wọ̀nyí, owó tí wọ́n fi ń kó pàǹtí, èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ gọ́tà kí òjò tó dé, àti èyí tí wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ tíráńsífọ́mà ṣe, àpò àwọn onílé àti ayálégbé ló ti ń jáde. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì, ẹni tí kò bá san tirẹ̀ máa ń rí i pé àwọn ọdẹ kì í tètè ṣí géètì fún mọ́tò òun mọ́. Ìwé tí akápò bá sì kọ ni ọdẹ ń tẹ̀ lé. Bí ìwé náà bá purọ́, ẹni tó sanwó lè di ajẹgbèsè lójú àlejò rẹ̀, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ á sì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Nígbà kan, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni wọ́n ń lò, ojú ewé kan fún ilé kan. Lónìí, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ gbé e sí, nínú Excel tàbí Google Sheets. Spreadsheet ni orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀: ìwé tí wọ́n fa ìlà sí níbùú àti lóròó, tó fi di àpótí kéékèèké. Àmọ́ gbígbé ìwé kúrò lórí bébà lọ sórí kọ̀ǹpútà nìkan kò sọ ọ́ di ohun tuntun. Akápò tó bá ń kọ Excel bí ẹni ń kọ ìwé ẹlẹ́yìn líle, ìwé ẹlẹ́yìn líle náà ló ṣì ní lọ́wọ́, àfi pé owó iná mọ̀nàmọ́ná ti kún ìnáwó rẹ̀.

Kì í ṣe torí àtikó orúkọ èèyàn jọ ni wọ́n ṣe dá irú ìwé yìí sílẹ̀. Lọ́dún 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní Amẹ́ríkà, orí kọ̀ǹpútà Apple II ló sì ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ìṣirò ni wọ́n fẹ́ kó mú rọrùn, pé bí nọ́ńbà kan bá yí padà lókè, kí àròpọ̀ ìsàlẹ̀ yí padà fúnra rẹ̀. Excel ti ilé-iṣẹ́ Microsoft jáde lọ́dún 1985 fún kọ̀ǹpútà Macintosh, ó sì dé orí Windows lọ́dún 1987. Àká ìsọfúnni gidi, irú èyí tí àwọn báńkì ń lò, ní ìtàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Edgar Codd tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ló kọ ìlànà tí púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé jáde lọ́dún 1970. Ìyàtọ̀ pàtàkì ni pé àká ìsọfúnni máa ń kọ̀ láti gba ohun tí kò bá òfin rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n Excel, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣí i, á gba ohunkóhun tí ọwọ́ bá tẹ̀ sínú rẹ̀. Òfin tí ẹ̀rọ kò ṣe, àfi kí akápò ṣe é fúnra rẹ̀.

Ká ní ẹ́sítéètì kan wà lọ́nà Badore tó ní ilé 60, tí owó oṣù ilé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦15,000. Ohun tí akápò sábà máa ń ṣe ni pé á ṣí ojú ìwé kan fún oṣù Jánúárì, á ṣí òmíràn fún Fẹ́búárì, á fi àwọ̀ ewé kun ẹni tó san, á fi pupa kun ẹni tí kò san. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí alága bá béèrè pé èló ni ilé kẹtàdínlógún ti san láàárín ọdún méjì, akápò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ìwé 24, á máa fi bírò kọ ọ́ sórí bébà, torí pé àròpọ̀ Excel kì í ka àwọ̀.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ìlà ìbú kan dúró fún ohun kan ṣoṣo, kí òpó òòró kan sì gba irú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú ìwé méjì péré ló nílò. Èkíní jẹ́ ti ilé: nọ́ńbà ilé, orúkọ onílé, orúkọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, nọ́ńbà fóònù. Èkejì jẹ́ ti owó: ọjọ́ tí owó wọlé, nọ́ńbà ilé tó san án, oṣù tí wọ́n san án fún, iye owó, nọ́ńbà rìsíìtì. Bí owó bá ti wọlé, ìlà tuntun kan nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá san ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ sí ìlà òfìfo láàárín, torí pé ibẹ̀ ni Excel á rò pé ìwé parí sí. Kò sì gbọdọ̀ sí àròpọ̀ láàárín, kí wọ́n má baà ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè dà bíi pé ìwé yìí gùn jàn-ànràn jan-anran, pé kò lẹ́wà. Kò sì lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbéèrè ló ní ìdáhùn níbẹ̀. SUMIFS á ro gbogbo owó ilé kẹtàdínlógún pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Asẹ́ tí wọ́n ń pè ní Filter á ṣe bí ìgbà tí wọ́n fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ku èlùbọ́, á fi ìlà tí wọ́n ń wá nìkan sílẹ̀ lójú. PivotTable á sì to ilé sí ẹ̀gbẹ́ àti oṣù sókè, èyí tó jẹ́ àwòrán tí akápò ń fi àwọ̀ wá tẹ́lẹ̀.

Nọ́ńbà ilé ló so ojú ìwé méjèèjì pọ̀. Bí ayálégbé bá pààrọ̀ fóònù, ibì kan péré ni wọ́n á ti tún un ṣe, VLOOKUP tàbí XLOOKUP á sì máa lọ mú un wá síbi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀. Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe orúkọ ni wọ́n fi so ó. Ìdí ni pé Shọlá, Sola àti Ṣọlá, èèyàn mẹ́ta ni lójú Excel. Bàbá Ìbejì lè pé méjì ládùúgbò kan. Ayálégbé á kó jáde, ilé kì í kó. Kódà nọ́ńbà ilé gan-an fẹ́ àkíyèsí, torí pé Plot 14 àti No. 14 lè jẹ́ ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀kan, kí wọ́n má sì yí i padà mọ́.

Orúkọ àdúgbò náà ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá fún àwọn oníṣòwò tó ń gbé ọjà lọ bá oníbàárà nílé. Ẹnì kan kọ Ajah, ẹnì kejì kọ Aja. Ẹnì kan kọ Sangotedo, èkejì kọ Shangotedo. Ti Lekki tún wá yàtọ̀: Phase 1 wà nítòsí Victoria Island, Phase 2 wà lápá Ajah, ìlú Lekki fúnra rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn réré ní Ìbẹ̀jú-Lekki. Bí wọ́n bá sì kọ Jakande lásán, èwo ni? Láàárín ọdún 1979 sí 1983 tí Lateef Jakande fi jẹ́ gómìnà, ibi púpọ̀ ni ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé sí ní ìpínlẹ̀ Èkó, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Ìwòsàn rẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Data Validation: akápò á to orúkọ àdúgbò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń kọ̀wé á kàn máa mú nínú wọn ni, kò ní í fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Àwọn nọ́ńbà tún wà tí kì í ṣe nọ́ńbà. Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ 11, òdo ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà 0803 sínú Excel, á rò pé iye owó ni, á gé òdo iwájú dànù, á ku 803. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe fún nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Mítà iná tí nọ́ńbà rẹ̀ gùn ju 11 lọ lè yọjú pẹ̀lú lẹ́tà E láàárín, tí kò ní í ṣeé kà. Kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òpó náà pé Text ni. Òdìkejì rẹ̀ ni ti owó. Ẹni tó kọ 15k tàbí “15,000 naira” sínú òpó owó ti sọ owó di ọ̀rọ̀ ẹnu. SUM á fò ó kọjá láìwí nǹkan kan, àpò ẹgbẹ́ á sì dín lórí ìwé. Irú àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tó láti mú kí wọ́n fura sí akápò tí kò jí nǹkan kan. Ti ọjọ́ náà ń bẹ: 03/04/2024 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ìlànà Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta.

Èyí tó burú jù ni títò. Akápò fẹ́ kí orúkọ tẹ̀ léra láti A dé Y, ó mú òpó orúkọ nìkan, ó ní kí Excel tò ó. Excel sábà máa ń béèrè bóyá kí òun kó àwọn òpó tó kù mọ́ ọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù á ní rárá. Orúkọ á ṣí kúrò, fóònù àti nọ́ńbà ilé á dúró síbi tí wọ́n wà. Kò sí àmì pupa, kò sí orúkọ kan tó sọnù, ìwé náà á mọ́ tónítóní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé gbogbo èèyàn ti wọ aṣọ ẹlòmíràn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó hàn, nígbà tí ẹnì kan bá ń pariwo lẹ́nu géètì, wọ́n á sì ti fi ìwé náà pamọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí wọ́n tẹ Ctrl àti T lórí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó di Table. Láti ìgbà náà lọ, ìlà kan á máa rìn pọ̀ lódindi.

Kì í ṣe akápò àdúgbò nìkan ni irú èyí ń bá. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ìlera aráàlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn kòrónà kò sí nínú iye tí wọ́n gbé jáde. Irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n lò kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Nígbà tó kún, ìyókù dà nù, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó wá àwọn tó ti fara kan àwọn aláìsàn náà. Excel láti ọdún 2007 ń gba ìlà 1,048,576, torí náà ilé 60 kò lè kún un láéláé. Ohun tó lè ba ti àdúgbò jẹ́ ni ẹ̀dà: ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀kẹta lórí WhatsApp tí wọ́n pè ní “final 2”. Google Sheets, tó ti wà láti ọdún 2006, yanjú èyí, torí pé ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ṣí, ó sì ń tọ́jú ìtàn ẹni tó yí nǹkan padà.

Ìwé tó bá kó orúkọ, ilé àti fóònù èèyàn jọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023, ti sọ pé ẹni tó bá gba ìsọfúnni ọmọnìkejì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, kó má sì lò ó kọjá ohun tó torí rẹ̀ gbà á. Ohun tí ọdẹ nílò lẹ́nu géètì kò ju òpó méjì lọ: nọ́ńbà ilé, àti “ó ti san” tàbí “kò tíì san”, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tẹ bébà náà jáde lókè rẹ̀, kí ẹni tó sanwó lánàá lè fi rìsíìtì hàn pé bébà ọwọ́ ọdẹ ti wà kí owó òun tó wọlé.