Oníṣẹ́ èékánná ní Atakpamé: irú iná wo ló wà lórí tábìlì yín?

Bí ọjọ́ ọjà bá ku ọ̀la, tàbí bí ìgbéyàwó bá ti wọlé dé, ọwọ́ àwọn tó ń tún èékánná ṣe ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀ máa ń dí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àsìkò yẹn gan-an ni wàhálà máa ń ṣẹlẹ̀. Ojú kò ríran dáadáa, irinṣẹ́ gé ẹran ìdí èékánná, ẹ̀jẹ̀ jáde. Bí irinṣẹ́ náà kò bá mọ́, àìsàn lè gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà mìíràn, oníbàárà á délé, á rí i pé àwọ̀ tí òun yàn lábẹ́ iná kọ́ ni òun ń rí lójú oòrùn. Ìdí nìyí tí a fi ní ká sọ̀rọ̀ iná tábìlì lónìí.

Àkọ́kọ́ ni àwọ̀ iná fúnra rẹ̀. Gílóòbù tó ń pọ́n bíi fìtílà máa ń yí àwọ̀ kútẹ́ẹ̀sì padà. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: nǹkan bíi 5000K ló sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ẹ bá rí IRC, CRI tàbí Ra níbẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ tó 90, nítorí òun ló ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí. Bí kò bá sí àkọlé, ẹ wo kútẹ́ẹ̀sì pupa kan níta lọ́sàn-án, kí ẹ tún wò ó lábẹ́ iná náà kí ẹ tó sanwó.

Ìkejì ni ibi tí ẹ gbé e sí. Iná òkè àjà nìkan kò tó: orí yín ni yóò ṣíji bo iṣẹ́. Ẹ wá iná tó ní ọrùn tó ń tẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́, kí ó gbé e sí òsì. Alówó òsì, kí ó gbé e sí ọ̀tún. Kí ó má tàn sójú yín tàbí ojú oníbàárà.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ. Lóòótọ́, ibùdó iná Nangbéto lórí odò Mono, tó ń ṣiṣẹ́ fún Tógò àti Benin láti 1987, kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí iná má lọ. Gílóòbù LED wáàtì 9 ń mọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60, nítorí náà bátìrì tàbí sólà kékeré lè gbé e. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ara sólà àti gílóòbù.

Ẹ rántí pé iná tí ẹ fi ń gbẹ jẹ́ẹ̀lì kì í ṣe iná ìríran; ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ má sì ṣí ìgò jẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oòrùn á mú un le.

Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó ra iná. Oníbàárà tó bá bínú lọ, kì í dá lọ.