Orúkọ Gẹ́gẹ́ bí Ogún: Àyẹ̀wò Orúkọ Àwọn Àdúgbò Àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

1. Ìfáárà

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Yoko tàbí Sakété, tó sì forí lé gúúsù, kò ní pẹ́ kó tó dé Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, tí pátákó ojú ọ̀nà ń pè ní Porto-Novo. Àwọn tó ń wá wo ìlú náà sábà máa ń béèrè ààfin ọba, mọ́ṣáláṣí ńlá àti ilé àwọn Àgùdà. Lọ́dún 1996, orílẹ̀-èdè Benin fi àwọn àdúgbò àtijọ́ àti ààfin ìlú náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ilé ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wò. Kì í sábà wo orúkọ. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé orúkọ àdúgbò jẹ́ ogún bí ilé ṣe jẹ́ ogún, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í ṣe ẹ̀rí ìtàn kí a tó tú u wò bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè.

2. Ìlú kan, orúkọ mẹ́ta

Àwọn tó ń sọ èdè Gùn ń pe ìlú yìí ní Hogbonou. Mọ́fíìmù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: èyí tó túmọ̀ sí ‘ilé’, èyí tó túmọ̀ sí ‘ńlá’ àti èyí tó túmọ̀ sí ‘ẹnu’. Ẹnu ilé ńlá ni, ìyẹn ìlú tó wà lẹ́nu ààfin. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Te-Agbanlin, ọmọ ọba tó ti Allada wá ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ló dá ìjọba náà sílẹ̀. Àwọn Pọtogí ló fún un ní orúkọ Porto-Novo, ‘èbúté tuntun’, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Orúkọ kẹta, Àjàṣẹ́, ni ti àwa Yorùbá. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ‘àwọn Aja ṣẹ́gun’ ló di Àjàṣẹ́, nítorí pé ara àwọn Aja ni Te-Agbanlin. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ó sì bá ìtàn mu, ṣùgbọ́n gírámà kò tì í lẹ́yìn dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣẹ́, bí a ti rí i nínú ṣẹ́gun (ṣẹ́ + ogun), máa ń béèrè àbọ̀: ta ni àwọn Aja ṣẹ́? Àlàyé mìíràn wà: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, jà àti ṣẹ́. Ìhun yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òun náà ló wà nínú àjẹyó (à + jẹ + yó) àti àjàbọ́ (à + jà + bọ́). Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìjà tí a jà ní àjàṣẹ́gun ni orúkọ náà ń sọ. Kò dárúkọ ẹni tó jà á. Ẹ tún wo Àjàṣẹ́-Ìpo ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ Kwara: orúkọ kan náà, ní ibi tó jìnnà gan-an sí ilẹ̀ àwọn Aja.

3. Accron àti olórí mẹ́sàn-án

Àdúgbò Accron ni ìtàn kà sí ibùdó àwọn Yorùbá àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Wọ́n ní àwọn ọdẹ Yorùbá rí ẹ̀dá kan tó ní orí mẹ́sàn-án níbẹ̀, wọ́n sì ń bọ ọ́. Ojúbọ náà, tí wọ́n ń pè ní Avessan, ṣì wà títí dòní. Nínú ìwé, Abori Messan ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀dá náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ abìwo (abi + ìwo) àti abuké (abi + iké) kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ kó tó tú orúkọ yìí. Abi- tó ń fi ẹni tó ní nǹkan hàn ló wà níbẹ̀. Fáwẹ̀lì i rẹ̀ jẹ nígbà tó pàdé orí: abi + orí + mẹ́sàn-án, aborímẹ́sàn-án. Níhìn-ín, gírámà àti ìtàn fẹnu kò. Èdè Yorùbá ló sọ ẹ̀dá náà lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gùn gbilẹ̀ ní ìlú náà lónìí.

4. Ohun tí pátákó ń fi pamọ́

Àkọtọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ orúkọ wọ̀nyí, kò sì fi ohùn hàn rárá. Ó ń kọ /w/ ní ‘ou’ (Ouando), ó ń kọ /j/ ní ‘dj’ (Djassin), Àjàṣẹ́ sì di ‘Adjatchè’ lọ́wọ́ rẹ̀. Fáwẹ̀lì ẹ pàápàá kò dúró síbì kan: ‘è’ ni nínú Adjatchè, ‘é’ ni nínú Sakété tí à ń pè ní Ṣakẹ́tẹ́.

Èyí lè tan olùṣèwádìí jẹ. Nígbà tí Yorùbá bá rí Foun-Foun lára pátákó, funfun ni yóò kà. Bó bá rí Oganla, ọ̀gá ńlá ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọra lójú ìwé kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ń sọ Gùn náà lè rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn orúkọ kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ lójú pọ̀: Djègan Daho àti Djègan Kpèvi jẹ́ Djègan ńlá àti Djègan kékeré ní èdè Gùn.

5. Agbo-ilé àwọn Àgùdà

Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1912, jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil. Àwọn Mùsùlùmí Àgùdà, àtọmọdọ́mọ àwọn tó ti Brazil padà wálé, ló kọ́ ọ. Ní Èkó, ‘ìjọ Àgùdà’ ni Kátólíìkì. Ní Àjàṣẹ́, Àgùdà lè jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kátólíìkì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ yí láti ẹ̀sìn sí ìran.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ilé alámọ̀ tí òjò wó, a lè tún un mọ. Ohùn orúkọ tí kò sí ẹni tó lè pè é mọ́, kò sí bí a ṣe fẹ́ tún un ṣe. Nítorí náà, a dá a lábàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ ṣe iṣẹ́ pápá kó gba orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà kó tó wo pátákó. Kó gbà á lẹ́nu Yorùbá àti lẹ́nu Gùn. Kó sì ya àlàyé tí àwọn ará àdúgbò ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ìtúpalẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ọmọ Yoko, Sakété àti Pobè tó gbọ́ èdè méjèèjì ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí jù.