Bí Tẹlifóònù Bá Dákẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, rédíò tí wọ́n ń pè ní amateur radio kì í ṣe ti orin. Ẹni tó ní in ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ èsì. Ó ní láti yege ìdánwò kí ìjọba tó fún un níwèé àṣẹ, kò sì gbọdọ̀ fi pawó.

Ní December 26, 2004, òkun ya wọ erékùṣù Andaman ní Íńdíà, tẹlifóònù sì dákẹ́. Bharathi Prasad àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé rédíò wọn dé Port Blair ṣáájú; ìgbafẹ́ ni wọ́n bá lọ! Àwọn ló ń bá àwọn ènìyàn wádìí ẹbí wọn.

Bátìrì mọ́tò lè gbé rédíò náà. Ẹnì kan ní ń darí ọ̀rọ̀ bí alága wa, àmọ́ àwọn ń gbọ́ ti tiwọn. Ẹni tó gba iṣẹ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì kà á padà fún ẹni tó rán an.