Iṣan Ọwọ́ Tó Já: Iṣẹ́ Abẹ Tí Kò Gbọdọ̀ Pẹ́

Ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wa fi ń jẹun nílùú onílùú: télọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí, ọlọ́kadà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí.

Bí èèyàn bá ṣubú lórí ọ̀kadà, tó fi èjìká gbálẹ̀, egungun lè jinná tán kí apá ṣì máa rọ̀ jọwọlọ. Kì í ṣe ayé ló ṣe é. Iṣan tó ń jíṣẹ́ láti ọpọlọ dé ọwọ́ ló já. Nerve ni àwọn dókítà ń pè é, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o. Gbòǹgbò rẹ̀ 5 ló ti ọrùn wọ apá kọ̀ọ̀kan. Ìṣubú líle lè fà wọ́n tu bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu, kò sì ní ṣeé so padà lásán.

Iṣan yìí lè hù padà, àmọ́ kò yára: bíi mílímítà 1 lóòjọ́ ni. Láti ọrùn àgbàlagbà dé ọwọ́ lè ju mílímítà 600 lọ, ìyẹn á ju ọdún kan ààbọ̀ lọ. Ẹran apá kì í dúró dè é tó bẹ́ẹ̀. Tó bá fi máa tó oṣù 12 sí 18 tí kò gbúròó iṣan, ó ti ń gbẹ. Bí iṣan bá wá dé lẹ́yìn náà, kò ní jẹ́ ìpè mọ́.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ yíya iṣan lò ti wúlò. Ẹ wò ó báyìí: waya iná ṣọ́ọ̀bù yín já, aládùúgbò yín ní waya méjì. Oníná lè yọ ọ̀kan níbẹ̀, kó fà á fún yín. Ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò kò ní ṣókùnkùn, tiyín náà á tàn. Ẹran méjì pàtàkì ló ń ká ìgbúnwọ́. Dókítà lè mú iṣan ọ̀kan lọ so mọ́ iṣan tó ń ká àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ọ̀nà ti kúrú nìyẹn, iṣan á tètè débẹ̀.

Lọ́dún 1994, Christophe Oberlin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé lórí irú rẹ̀ kan tó ń mú kí apá lè ká padà. Lọ́dún 2019, Natasha van Zyl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, nílẹ̀ Ọsirélíà, jábọ̀ lórí àwọn ọ̀dọ́ tí ọrùn wọn fara pa, tí ọwọ́ àtẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè na apá, wọ́n lè di nǹkan mú, wọ́n lè fọwọ́ ara wọn jẹun. Iṣan 4 ni kò gbà.

Kì í ṣe idán o. Ọwọ́ kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èèyàn á máa lọ ṣe eré ìdárayá ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Níbẹ̀rẹ̀, á ní láti gbìyànjú àtiká ìgbúnwọ́ kí ìka tó mira. Díẹ̀díẹ̀ ni ọpọlọ á mọ ojú ọ̀nà tuntun.

Ẹ̀yin ará, teguntegun lè to egungun, ṣùgbọ́n iṣan kọ́ ló ń tò. Bí apá bá ti kú tàbí tí ìka kò mira lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí àyípadà, ẹ ní kí dókítà kọ ìwé yín lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ nípa iṣan. Ẹ má sọ pé ó di ìgbà tí ẹ bá délé. Ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala ní Kano, ó wà ní Enugu, bó ṣe wà ní Ìgbóbì. Ẹ lè béèrè níbẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é àti iye tó máa náni.

Kí àwọn alága ẹgbẹ́ bá wa sọ ọ́ ní ìpàdé. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dáwó fún ẹni tó fara pa, kó jẹ́ nígbà tí ẹran apá ṣì ń gbọ́ ìpè.